Sinimá Tó Ń Lọ Bá Èèyàn Nílé: Láti Glover Hall dé Etí Ọ̀sà Ìlàjẹ

Ẹja, ọkọ̀ ojú omi àti yanrìn ni ará Èkó fi ń mọ Ìlàjẹ tó wà ní Bàrígà. Àwọn apẹja tó ti etíkun Òǹdó wá, láti agbègbè Ùgbò, Màhín àti Igbókòdá, ni wọ́n gbé orúkọ ẹ̀yà wọn fún etí ọ̀sà náà. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, gba ojú omi wọn kọjá, ọkọ̀ sì ń sáré lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí èèyàn bá kọ ẹ̀yìn sí omi, tó gba Bàrígà lọ sí Ṣómólú, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò máa gbọ́: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Bàrígà yìí náà ni CMS Grammar School wà, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, tó sì kó wá síbẹ̀ ní 1959.

Ẹni tó kàn ń kọjá kò ní rí ohun tó jọ sinimá nínú gbogbo èyí. Síbẹ̀, irú àdúgbò mẹ̀kúnnù tó kún fọ́fọ́ báyìí ló gbé sinimá Yorùbá ró, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, fíìmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa rí ni èyí tí ẹnìkan rù wá bá wọn. Iṣẹ́ náà gba ọwọ́ òyìnbó ìjọba kọjá, ó gba ọwọ́ àwọn eléré alárìnjó kọjá, kó tó kan Túndé Kèlání, tí àwọn ará ilé iṣẹ́ fíìmù ń pè ní TK. Àwọn eré rẹ̀ ti mú omi jáde lójú ìdílé tí kò lóǹkà. Ìgbà kan sì dé tó kó wọn lọ sí gbangba káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó, kí olówó àti tálákà lè jọ wò wọ́n láìsan kọ́bọ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni Èkó kọ́kọ́ rí sinimá, ní Glover Memorial Hall ní Erékùṣù Èkó. Herbert Macaulay ló ṣe ọ̀nà bí ilé iṣẹ́ Balboa láti Spéìnì ṣe gbé ẹ̀rọ náà dé. Àwòrán tí kò lóhùn ni, lára ohun tí wọ́n sì fi hàn ni bí wọ́n ṣe dé Ọba Edward Keje ládé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá lówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ló wọlé.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé sinimá jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn ni William Sellers, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìlera fún ìjọba. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, ọdún bíi méje ló sì fi bá ìlú fínra. Ìwé tí ìjọba ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, Sellers bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ṣàlàyé fún àwọn èèyàn. Ní 1937 ó ṣe fíìmù kan lórí bí wọ́n ṣe gbógun ti àrùn náà ní Èkó, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, òun ni wọ́n fi síwájú iṣẹ́ náà.

Mọ́tò ni gbogbo ètò wọn dá lé. Ẹ̀rọ sinimá, jẹnẹrétọ̀, aṣọ funfun ńlá àti gbohùngbohùn ni wọ́n máa ń kó sínú mọ́tò kan, wọ́n á wa á lọ sí pápá tàbí ojú ọjà, wọ́n á dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ògbufọ̀ kan á di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, á máa fi èdè àwọn ará ibẹ̀ sọ ohun tó ń lọ lójú aṣọ. Ohùn ẹni yìí ṣe pàtàkì tó àwòrán fúnra rẹ̀, nítorí òun ló ń sọ fíìmù àjèjì di ọ̀rọ̀ ilé. Àmọ́ èrò Sellers nípa àwọn tó ń wòran kù díẹ̀ káàtó. Ó gbà pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà kò lè tètè bá àwòrán tó ń yára yí padà lọ, nítorí náà fíìmù tó ń falẹ̀, tí kò ní ọgbọ́n kankan nínú, ni kí wọ́n máa ṣe fún wa. Àwọn tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sí ni àwọn tó ń jókòó ti àlọ́ títí òru, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìjálá àti ẹsẹ Ifá láì sọnù lójú ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tó tọ́ nínú ètò rẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé ó yẹ kí sinimá rìn.

Àwọn eléré wa ti mọ ìyẹn tipẹ́. Láti 1945 tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn eléré Yorùbá ti ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, ní ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí fíìmù dé ọwọ́ wọn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ní 1976, Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, lórí ọdẹ ọ̀dọ́ kan tó ń jà fún ogún bàbá rẹ̀ àti olólùfẹ́ rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ àti Adé Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, wà nínú rẹ̀. Ní 1979, Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n yọ láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ọdún kan náà ni Ògúndé gbé Aiyé jáde. Jáíyéṣinmi sì tún jáde ní 1980.

Ìnáwó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò kéré. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ẹ̀dà tó ń padà wálé kò sì pọ̀. Torí náà ẹni tó ni fíìmù kì í fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e káàkiri, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ka tíkẹ́ẹ̀tì, á gbé ike fíìmù sún mọ́ ibùsùn rẹ̀ lóru. Gbajúmọ̀ òṣèré tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú aṣọ lè jẹ́ ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, fi hàn pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n tọ́. Òun ni òṣèré àgbà nínú Ọ̀run Mooru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Túndé Kèlání sì di kámẹ́rà rẹ̀ mú. Àwọn oníṣẹ́ ayédèrú rí fíìmù náà dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n fọ́n ọn ká ìgboro, gbèsè sì wọ ọrùn ẹni tó ń pa gbogbo Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ó dùn wá títí dòní.

Ilé sinimá pọ̀ ní Èkó nígbà náà. Casino wà ní Yábàá, Ìdẹ̀ra wà ní Mùṣín, Danjuma wà ní Agége, bẹ́ẹ̀ náà ni Pen Cinema, tó ti kógbá sílé àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn kọ̀ńdọ́tọ̀. Fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà ló kún inú wọn. Bí fíìmù Yorùbá tuntun bá jáde ní ọdún Àjíǹde tàbí ọdún Iléyá, National Theatre ní Ìgánmú, tí wọ́n ṣí ní 1976, tó sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká báyìí, ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń múra lọ. Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP já náírà wálẹ̀, kò sẹ́ni tó lówó àtifọ fíìmù lókè òkun mọ́. Ìbẹ̀rù olè àti àìsí iná mú kí èèyàn máa sá fún ìjáde alẹ́. Ilé sinimá ń di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fídíò ló wá rọ́pò. Àwọn Yorùbá ló kọ́kọ́ fi í ṣòwò gidi: Muyideen Àlàdé Àrómirẹ́ wà lára àwọn aṣíwájú, Kenneth Nnebue tí ayé mọ̀ fún Living in Bondage ti 1992 sì ti fi owó rẹ̀ gbé fídíò Yorùbá jáde ṣáájú, Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, ní 1989. Fíìmù àgbéléwò dé, ìwòran sì wọ inú ilé. Ní àdúgbò bíi Bàrígà, níbi tí yàrá kojú yàrá, kì í sábà jẹ́ ilé ẹni kan ṣoṣo. Tẹlifíṣọ̀n ẹnìkan ni gbogbo ilé ń wò, àwọn ọmọ á rọ̀ mọ́ fèrèsé, aládùúgbò á gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá. Ọjọ́ tí iná bá lọ nígbà tí eré ń gbóná, ariwo ẹ̀dùn á gba àdúgbò kan.

Inú àsìkò yìí ni Kèlání yọ. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1948, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló dàgbà sí, níbi tó ti ka ìwé Fágúnwà, tó sì ti wo àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó. Ó ṣiṣẹ́ ní WNTV Ìbàdàn, ó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di kámẹ́rà mú fún àwọn kan nínú àwọn tí a dárúkọ lókè kó tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Mainframe. Eré àkọ́kọ́ tó gbé jáde níbẹ̀ ni Ti Olúwa Nilẹ̀, ní 1993. Ìjòyè kan, Ọ̀tún Aṣíyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù tí í ṣe Bàbá Wándé ṣe, lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ta ilẹ̀ àjogúnbá fún ilé epo. Àwọn tí wọ́n jọ dá a ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà sì ń sá fún ikú. Ẹni tó ń gbé etí omi ní Èkó kò nílò àlàyé lórí eré yìí. Wọ́n rí bí ìjọba ṣe wó ilé àwọn apẹja ní Mákòkó ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí èèyàn tẹ̀ lónìí lè di ti ẹlòmíràn lọ́la.

Ó Le Kú jáde ní 1997, láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Yẹmí Ṣódìmú ni Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí ọkàn rẹ̀ pín sáàárín àwọn obìnrin, tí àìlèpinnu rẹ̀ sì di àdánù ńlá. Àwọn obìnrin tó wò ó pẹ̀lú ẹkún lójú náà ló gba ọ̀dọ̀ aránṣọ lọ: ìró kúkurú àti bùbá tí wọ́n wọ̀ nínú eré náà, tí ó ti ń di ohun àtijọ́, padà sí ìgboro, wọ́n sì sọ ọ́ ní oleku. Ṣaworoidẹ ti 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ti 2002 dá lórí ìṣèlú, àmọ́ ibi tí Kèlání ti di ọkàn èèyàn mú jù ni MAAMi, tó gbé jáde ní 2011 láti inú ìwé Fẹ́mi Òṣófisan. Gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan, Káṣìmáawòó, padà sílé ní ìgbà tí Ife Àgbáyé 2010 ń bọ̀, ó sì ń rántí ìyá tó dá tọ́ ọ nínú ìṣẹ́. Fúnkẹ́ Akíndélé, tí àwọn èèyàn mọ̀ fún eré apanilẹ́rìn-ín Jẹ́nífà, ni ìyá náà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ru ẹja kiri kí ó tó rí owó ilé ìwé san yóò mọ obìnrin yìí bí ẹni mọ owó.

Irú eré ìdílé tó ń mú omi jáde lójú báyìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ Yorùbá. Dẹ́ńmáàkì, orílẹ̀-èdè kékeré tí ilé iṣẹ́ Nordisk Film ti ń ṣiṣẹ́ láti 1906, mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Susanne Bier, olùdarí fíìmù kan níbẹ̀, ṣe Efter brylluppet ní 2006: ọkùnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìníìyá ní Íńdíà padà sílé, ó bá ara rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ó sì rí i pé ìyàwó ọ̀hún ni ọmọ tí òun kò mọ̀ pé òun bí. Fíìmù rẹ̀ mìíràn, Hævnen, tó gba Oscar ní 2011, wà láàárín ìlú kan ní Dẹ́ńmáàkì àti àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Áfíríkà. Lọ́dún 2006 kan náà, Kèlání ń ṣe Abẹ́ni pẹ̀lú àwọn ará Benin, lórí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà tí ìfẹ́ so pọ̀ ní ìhà méjèèjì ibodè. Ọmọ ta ni, ta ló ni mí, ta ló já mi sílẹ̀: ìbéèrè tí Bier ń béèrè ni àwọn eré wa ti ń béèrè láti ọjọ́ Ògúndé. Bí ẹnìkan bá gbé fíìmù Bier lọ sí etí ọ̀sà Ìlàjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ògbufọ̀ tó gbọ́n sì di gbohùngbohùn mú, ojú àwọn ìyá tó ń yan ẹja níbẹ̀ kò ní gbẹ.

Ìdí tó fi yẹ kí èèyàn jọ wo eré oníbànújẹ́ pọ̀ wà nínú ìwà wa. Òǹwòran Yorùbá kì í dákẹ́. Á kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ jẹ májèlé, á ṣẹ́ èpè fún òǹrorò, á ṣe àmín sí àdúrà ìyá inú eré. Ẹkún tí èèyàn bá dá nìkan sun níwájú fóònù rẹ̀ tètè ń tán. Èyí tí igba èèyàn bá sun pọ̀ máa ń di ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ délé: bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ, bí wọ́n ṣe ń fẹ́yàwó, ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara wọn. Èmi tí mo ń kọ èyí gbà pé ìdajì eré Kèlání ló wà nínú fíìmù, ìdajì yòókù sì wà lẹ́nu àwọn tó ń wò ó.

Kèlání fúnra rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ lórí èyí. Ní 2004, Silverbird ṣí ilé sinimá tuntun sí Victoria Island, òmíràn sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ará Bàrígà lọ. Lápá kejì, oníṣẹ́ ayédèrú ń kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ mẹ́ta-mẹ́ta sórí àwo kan, wọ́n ń tà á ní gbàǹjo. Nígbà tó parí Arugbá ní 2008, eré tó dá lórí wúńdíá tó ń ru igbá òrìṣà nígbà ọdún Ọ̀ṣun, kò yára sọ ọ́ sí ọjà fídíò. Ó padà sí ètò mọ́tò àti aṣọ funfun. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà Gómìnà Babátúndé Raji Fáṣọlá, tì í lẹ́yìn, wọ́n sì gbé Arugbá lọ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ àti agbègbè ìdàgbàsókè 57 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣómólú wà nínú 57 yẹn, Bàrígà náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí Sellers fi ń kọ́ni nípa eku láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Yorùbá sọ di ọ̀nà àtimú àṣà, orin àti ìbéèrè nípa àwọn alákòóso dé ẹnu ọ̀nà ará ìlú, láìsí pé ẹnikẹ́ni fojú òmùgọ̀ wo òǹwòran.

Ẹ̀jẹ̀ Bàrígà sì wà nínú Arugbá fúnra rẹ̀. Ṣẹ́gun Adéfila, tó ṣe Makinwá nínú eré náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Búkọ́lá Awóyẹmí tó ṣe Adétutù, ló dá ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996, Bàrígà ni ẹgbẹ́ náà sì fi ṣe ilé. Ijó, orin àti eré orí ìtàgé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀dọ́ àdúgbò tí ìwé ìròyìn kì í sábà dárúkọ àyàfi tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ṣeun Awóbàjọ náà ń fi ẹgbẹ́ rẹ̀, Footprints of David, kọ́ àwọn ọmọdé ní Bàrígà kan náà ní ijó àti eré ṣíṣe. Olamide tí ayé ń jó sí orin rẹ̀ lónìí, ọmọ ibẹ̀ ni. Àdúgbò tó bí irú èèyàn báyìí kò yẹ kó máa wo eré ní àwákù-àwákù lórí fóònù nìkan.

Ohun tó kù kò le. Ìjọba agbègbè Bàrígà àti ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú lè ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fún àwọn eré Túndé Kèlání. Ti Olúwa Nilẹ̀ ní etí omi Ìlàjẹ, Ó Le Kú ní Ṣómólú, MAAMi ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bàrígà, kí àwọn ọmọ Crown Troupe àti Footprints of David kọ́kọ́ ṣeré ṣáájú fíìmù, kí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tẹ pósítà rẹ̀, kí wọ́n sì san owó tó tọ́ sí Mainframe kí ó má baà jẹ́ pé ìjọba náà di oníṣẹ́ ayédèrú. Aṣọ funfun, ẹ̀rọ kan, jẹnẹrétọ̀ méjì bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, àti àga ìyálò: owó rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń ná sórí àpéjẹ kan. Ẹ̀yin alága àti káńsẹ́lọ̀ àdúgbò méjèèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí TK ṣì lè wá jókòó láàárín àwọn òǹwòran kí ó sì dáhùn ìbéèrè wọn.